ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ: Bí Alùpùpù Àtijọ́ Bá Ń Wúkọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kaboua, bí a bá ń múra ìrìn àjò mímọ́ oṣù kẹjọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá wa Màríà ní Arigbo, ní Dassa, ó yẹ kí á yẹ alùpùpù wa wò.

Alùpùpù àtijọ́ bíi Honda CD 175 ní sìlíńdà méjì. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì nìkan ní í máa ṣe làálàá: ẹ̀rọ á máa wúkọ́, kò sì ní lè gun òkè.

Ẹ tan ẹ̀rọ náà nígbà tó tutù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ ta omi díẹ̀ sí ìdí páìpù èéfín kọ̀ọ̀kan. Èyí tí omi kò bá hó lára rẹ̀ ni aláìsàn. Ẹ má fọwọ́ kàn án o!

Ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ tú pulọ́ọ̀gì méjèèjì. Bí ó bá dúdú tó sì gbẹ, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń yọ̀, ọ́ìlì ń wọlé. Ẹ nù wọ́n, kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé pulọ́ọ̀gì lọ sí apá kejì, ẹ ra tuntun. Bí kò bá kúrò, ẹ yẹ wáyà àti fìlà rẹ̀ wò, kí ẹ tó pe mẹkáníìkì.

Ẹ má ṣe dán iná pulọ́ọ̀gì wò nítòsí ìgò epo tàbí àwọn ọmọdé: iná kékeré ní í jó ilé ńlá.

Ẹ má fi dọ̀la. Aboyún lè nílò alùpùpù yìí lóru láti dé ilé ìwòsàn ní Savè. Kí Màríà Wúndíá máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà. Àmín.