Ọpárétọ̀ tó ní "mi ò gbé e" kì í ṣe ojo

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi tipẹ́, màá sọ ọ́ lónìí. Gbogbo ìgbà tí fídíò kírénì tó ṣubú bá ti ń lọ káàkiri, mo ti mọ ohun tí mo máa bá nínú kọ́mẹ́ǹtì: "Ọpárétọ̀ yẹn ti mu paraga." "Kò mọṣẹ́." "Ayé ló ń bá a jà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Tírẹ́ẹ̀dì nìyí 🧵

2/ Mi ò sọ pé kò sí ọpárétọ̀ tó ń mu paraga o. Ìbéèrè tèmi ni pé: kí ẹrù yẹn tó kúrò nílẹ̀, ta ló ní kó gbé e? Tó bá ní òun ò gbé e ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹni tó ń pariwo "gbé e jàre" kì í sí nínú fídíò.

3/ Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ọdún méjì ni mo fi ṣe rígà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi kí n tó wọ yunifásítì. Rígà ni ẹni tó ń so ẹrù mọ́ húùkù, tó sì ń fọwọ́ júwe fún ọpárétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lókè, èmi wà nílẹ̀. Tí nǹkan bá já, orí tèmi ló ń bọ̀.

4/ Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi: kírénì "tọ́ọ̀nù 50" kì í gbé tọ́ọ̀nù 50 níbi gbogbo. Ó lè gbé e tí ẹrù bá wà nítòsí ìdí rẹ̀, bíi mítà 3. Bó ṣe ń nawọ́ jìnnà ni agbára ẹ̀ ń dín kù. Tó bá nawọ́ dé mítà 20, tọ́ọ̀nù díẹ̀ ló kù tó lè gbé.

5/ Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n lára? Ẹ gbé garawa omi tó kún mọ́ àyà. Ó rọrùn. Ẹ wá na ọwọ́ gbọọrọ síwájú pẹ̀lú garawa kan náà. Omi ò pọ̀ sí i, àmọ́ ẹ̀yìn yín ti gbọ́. Nínú kábíìnì kírénì, ìwé kan wà tá à ń pè ní ṣáàtì, tó sọ iye tó lè gbé ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣáàtì ò mọ ọ̀gá, kò mọ alága.

6/ Ohun kejì, ilẹ̀. Kírénì onítáyà tó fẹ́ gbẹ́rù ńlá kì í dúró lórí táyà. Ó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tá à ń pè ní jáàkì. Ẹ fà wọ́n jáde tán, ẹ to pákó tó nípọn sábẹ́ wọn, kí táyà kúrò nílẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Ní Èkó tá a ti fi iyanrìn dí ẹrẹ̀, tí sókáwè àti gọ́tà wà lábẹ́ ilẹ̀ tójú ò tó, jáàkì kan tó rì ti tó láti dojú gbogbo ẹ̀ délẹ̀.

7/ Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ní August 3, 2015, ní ìlú Alphen aan den Rijn lórílẹ̀-èdè Netherlands, kírénì méjì jọ ń gbé apá kan afárá. Orí ọkọ̀ omi pẹrẹsẹ ni wọ́n dúró sí. Ìdí ò dúró, àwọn méjèèjì ṣubú lu ilé àwọn èèyàn. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀rọ Òyìnbó, ilẹ̀ Òyìnbó, ṣùgbọ́n ìdí ò dúró.

8/ Ohun kẹta, wáyà iná. Ibi tí òfin Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kí kírénì fi ẹsẹ̀ bàtà 20, bíi mítà 6, jìnnà sí wáyà. Àwa ńkọ́? "NEPA ti mú iná, ẹ máa gbé e lọ." Ta ló bá yín bá wọn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má mú un wá?

9/ Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, ó lè gba ẹ̀mí ẹnì kan là: tí kírénì bá kan wáyà, kí ọpárétọ̀ jókòó sínú kábíìnì títí wọ́n á fi pa iná níbi tó ti ń wá. Kí ẹni tó wà nílẹ̀ má sún mọ́ ọn, kó má fọwọ́ kan án. Àyàfi tí iná bá ń jó o nìkan ni kó fò sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, kó má di kírénì mú bó ṣe ń balẹ̀, kó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ láì gbé e sókè.

10/ Ohun kẹrin, ojú títì. Kí kírénì tó kúrò ní sáìtì: ẹ ká ọwọ́ ẹ̀ wọlé, ẹ tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀, ẹ so húùkù mọ́lẹ̀, ẹ há ibi tó ń yí kó má baà yí, ẹ ti jáàkì wọlé kẹ́ ẹ sì fi irin há a. Jáàkì tó bá yọ jáde lójú ọ̀nà, ọlọ́kadà ni yóò kọ́kọ́ gbá.

11/ Ọwọ́ ẹ̀ tún máa ń yọ kọjá iwájú ọkọ̀, ó ń dí awakọ̀ lójú. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń sáré kọjá níwájú ẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù lè máà hàn rárá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọkọ̀ kan ṣáájú ẹ̀, kẹ́nì kan sì ti lọ wo ọ̀nà ṣáájú: afárá ẹlẹ́sẹ̀ wo ló rẹlẹ̀, wáyà wo ló wọ́ sílẹ̀. Àwa? Mọ́tò bọ́ọ̀yì á gun orí ẹ̀, á máa fi igi gbé wáyà sókè. Ẹ sì máa ń ya fídíò ẹ̀, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín.

12/ Ó yá, tèmi. Sáìtì kan lọ́nà Ajah, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ ká gbé jẹnẹrétọ̀ kọjá fẹ́ǹsì sẹ́yìn ilé. Tọ́ọ̀nù 9 ni ìwé ẹ̀ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi téèpù wọn ibi tó máa dé: mítà 14. Wọ́n ṣí ṣáàtì. Tọ́ọ̀nù 8 ni, ká tó yọ ìwọ̀n húùkù àti bẹ́líìtì tá a máa fi so ẹrù. Sókáwè sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì apá òsì.

13/ Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ má bínú, mi ò gbé e. Ẹ wá kírénì tó ju èyí lọ, tàbí kẹ́ ẹ wó fẹ́ǹsì yẹn díẹ̀ ká lè sún mọ́ ọn." Ẹnjiníà wo aago. "Ọ̀gá, tọ́ọ̀nù kan péré lẹ ń bá mi fà! Àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé e. Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?" Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pè wọ́n ní ìyá àgbà.

14/ Wọn ò gbé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó ni kírénì pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Oṣù méje ni wọ́n fi jókòó sílé. Ìyàwó wọn ta fìríìjì.

15/ Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gba ọpárétọ̀ mìíràn. Ó pa aláàmù tó ń ké nínú kírénì, ó gbé jẹnẹrétọ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ṣojú ẹ̀ sọ fún mi pé jáàkì ẹ̀yìn méjèèjì gbéra nílẹ̀ kí wọ́n tó padà balẹ̀. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó kú. Ni gbogbo wọn bá ní, "Ṣé ẹ ti rí i? Ó ṣe é gbé!" Títí dòní, ojo ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi láàárín wọn.

16/ Ẹ gbọ́ mi dáadáa: pé kò ṣubú lónìí kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dáa. Ẹni tó dijú sáré sọdá ẹ́síprẹ́sì tí mọ́tò ò gbá, ṣé ó mọ títì sọdá ni? Orí ló kó o yọ. Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Àmọ́ ogun ti kírénì kì í mú akíkanjú nìkan lọ. Ó ń mú rígà, ó ń mú bíríkìlà, ó ń mú ẹni tó ń ta gúgúrú lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

17/ Lára òfin kírénì tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010, ìlà kan wà tí mo fẹ́ràn. Ó ní tí ọpárétọ̀ bá ti ń kọminú nípa ààbò, ó gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, kó sì kọ̀ láti gbẹ́rù, títí ẹni tó mọṣẹ́ á fi yẹ̀ ẹ́ wò pé kò séwu. Àṣẹ ni wọ́n pè é o. Wọn ò pè é ní àfojúdi.

18/ Kí ló dé tí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ ní sáìtì? Owó ni. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń háyà kírénì, gbígbé e wá sì lówó tiẹ̀. Tó bá wá tí kò gbẹ́rù, ẹni tó háyà ẹ̀ á bínú sí ẹni tó ni ín, ẹni tó ni ín á bínú sí ọpárétọ̀. Ìbínú gbogbo wọn ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi gọ́tà, sórí ẹni tówó ẹ̀ kéré jù. Òun náà ló sì wà nínú kábíìnì tó bá dojú dé.

19/ Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa." Àmín. Ní September 11, 2015, kírénì ńlá kan wó sínú Mọ́sálásí Ńlá ní Mẹ́kà nínú ìjì. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Ilé Ọlọ́run ni wọ́n wà, àdúrà ò kù níbẹ̀. Ohun tí ìjọba Saudi sọ ni pé wọ́n fi ọwọ́ kírénì náà sílẹ̀ ní nínà nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ìwé àwọn tó ṣe é sì ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló yẹ kó sọ ọ́ kalẹ̀.

20/ "Nàìjíríà la wà, kò sówó fún gbogbo ìyẹn." Owó wo? Èló ni pákó abẹ́ jáàkì? Èló ni téèpù tá a fi ń wọn mítà? Èló ni ká dúró kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀? Ohun tó wọ́n níbẹ̀ ni ká gbà fún ẹni tí kò níwèé tó tiwa nígbà tó bá ní "rárá."

21/ Torí náà, ẹ̀yin ẹnjiníà ìwòyí, tí ọpárétọ̀ bá kọ̀, ẹ ní kó ṣí ṣáàtì hàn yín kẹ́ ẹ tó bú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni kírénì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé háyà pé owó ọjọ́ yẹn ò ní yẹ̀ tí ibi iṣẹ́ ò bá dáa. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹni tó bá pa aláàmù, ẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀.

22/ Àwa onífóònù ńkọ́? Ẹ má dúró sábẹ́ ẹrù torí fídíò. Lọ́jọ́ tí kírénì mìíràn bá sì ṣubú, kẹ́ ẹ tó kọ "kò mọṣẹ́," ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló ní kó gbé e?

23/ Ẹ̀gbọ́n mi ti rí iṣẹ́ báyìí, lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Owó ẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀. Mo pè wọ́n lánàá, wọ́n ní wọn ò tíì gbé nǹkan kan láti àárọ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ó ń bínú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àmọ́ gbogbo wa la máa délé."