Ta Ni Yóò Jọba Lórí Àwọn Igi?

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìwé Àwọn Onídàájọ́ 9:1-21

Bí Bíbélì bá wà nítòsí, ẹ ṣí i sí ibi tí mo kọ sókè yìí kí ẹ tó máa bá mi lọ, nítorí ìtàn tó wà níbẹ̀ jọ ti ilé wa ní Èkìtì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Lẹ́yìn ikú Gídéónì, Ábímélékì ọmọ rẹ̀ tọ àwọn ará ìyá rẹ̀ lọ ní Ṣékémù pé òun fẹ́ jọba. Wọ́n gbà fún un nítorí pé ọmọ àwọn ni. Wọ́n lọ sí ilé òrìṣà Báálì-bérítì, wọ́n kó àádọ́rin owó fàdákà níbẹ̀, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Owó yìí ni Ábímélékì fi háyà àwọn jàǹdùkú, ó kó wọn lọ sí ilé bàbá rẹ̀, ó sì pa àwọn arákùnrin rẹ̀ lórí òkúta kan ṣoṣo. Jótámù, àbíkẹ́yìn wọn, nìkan ló rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ kíyè sí owó yẹn dáadáa. Kì í ṣe owó Ábímélékì. Owó tí ìlú kó pamọ́ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìjọba tiwa-n-tiwa kò yé àwa ará Èkìtì, ẹ má gbà á gbọ́. A ti jìyà nítorí ìbò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àjọ FEDECO kéde pé Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ NPN ló borí Olóyè Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN, ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Ajásin.

Ní 14 oṣù kẹrin ọdún 2007, ó tún dé, lọ́tẹ̀ yìí ní ẹnu ọ̀nà àwa ará àríwá Èkìtì gan-an. Ṣẹ́gun Òní jẹ́ ọmọ Ìfàkì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì. Káyọ̀dé Fáyẹmí jẹ́ ọmọ Ìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà mọ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n. Àjọ INEC kéde Òní. Ní oṣù kejì ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó jókòó ní Ìlọrin fagi lé e, ó ní kí a tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63 nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. A tún un dì ní 25 oṣù kẹrin. Èsì tó wá láti Ìdó-Ọ̀sì ló di ohun tí gbogbo ènìyàn ń jà lé lórí.

Ìgbà náà ni Ìyáàfin Àyọ̀ká Adébáyọ̀, tó jẹ́ kọmíṣánnà INEC ní Èkìtì, kọ̀wé sí Ààrẹ Yar'Adua pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé onígbàgbọ́ ni òun, ẹ̀rí ọkàn òun kò sì gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó padà, ó sì kéde Òní ní 5 oṣù karùn-ún. Èmi kò ní fi ìyá àgbà náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí kò bá wa sùn inú ilé kò mọ ibi tí òrùlé ti ń jò. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a kò lè gbé ẹrù odidi ìpínlẹ̀ lé ẹ̀rí ọkàn ènìyàn kan lórí, kí a sì máa retí pé kò ní tẹ̀. Ó di 15 oṣù kẹwàá ọdún 2010 kí ilé ẹjọ́ tó ní Fáyẹmí ló wọlé. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ti lọ.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni wọ́n ṣe mú ẹ̀rọ wá. Nígbà tí a dìbò gómìnà ní 18 oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹ̀rọ BVAS ló ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, wọ́n sì ń fi èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ síbi tí ará ìlú ti lè rí i. Mo yin Ọlọ́run fún un. Ẹni tó fẹ́ jókòó sínú yàrá kó máa fi pẹ́nì kọ ìbò yóò làágùn gidi kó tó rí i ṣe.

Ṣùgbọ́n olè tó bá ilẹ̀kùn ní títì a máa wo fèrèsé. Ní ọdún 2014, Ayọ̀ Fáyòṣé borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, Fáyẹmí tó wà lórí oyè sì kí i kú oríire ní ọjọ́ kejì, ohun tó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa. Ìrẹsì àti ọ̀rọ̀ ikùn gba ẹnu gbogbo ènìyàn lákòókò náà, débi pé gómìnà tuntun yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ ikùn. Nígbà tó fi máa di 14 oṣù keje ọdún 2018, ìrẹsì ti di owó lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti ní orúkọ tí ọmọdé mọ̀: dìbò kóo sebẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Olùdìbò á tẹ̀ka, á gbé ìwé ìbò sókè díẹ̀ kí aṣojú ẹgbẹ́ lè rí i, tàbí kó fi fóònù yà á, á sì kọjá sí ẹ̀yìn ilé níbi tí olówó ti ń dúró. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá kan tó lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́ níbẹ̀.

Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n ń san. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ṣírò. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Ẹ pín in: kò tó náírà mẹ́ta àti ààbọ̀ lóòjọ́. Iyọ̀ wo ni yóò rà? Níbo sì ni olóṣèlú ti rí owó tó ń pín? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kíyè sí owó Ṣékémù. Bó bá jẹ́ láti inú àpò ìlú ni owó náà ti jáde, a jẹ́ pé ọ̀nà oko àti oògùn ilé ìwòsàn ni wọ́n fi rà wá. Bó bá sì jẹ́ pé ó yá a ni, àpò ìlú náà ni yóò ti san án padà.

N kò bá àwọn oníwàásù tó ń dá opó tálákà lẹ́bi lórí pẹpẹ lọ. Opó tí kò tíì jẹun láti àná, tí kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ìjọba láti ìgbà tó ti ń dìbò, ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó na ọwọ́. Ó ti ṣírò pé ọjọ́ kan péré nínú ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń rántí òun. Ẹni tí mo fẹ́ bá wí jókòó sílé.

Jótámù dúró lórí òkè Gérísímù, ó pa òwe fún wọn. Àwọn igi ń wá ọba. Wọ́n bẹ igi ólífì, ó ní òróró òun tó òun. Wọ́n bẹ ọ̀pọ̀tọ́, ó ní adùn òun tó òun. Àjàrà náà kọ̀. Ẹ̀gún nìkan, tí kò ní èso tí kò ní òjìji, ló ní kí wọ́n wá sá sábẹ́ òun. Ní ọdún 2022, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní Èkìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 989,000. Àwọn tó dìbò kò fi púpọ̀ ju 360,000 lọ. Ju 600,000 lọ ni kò dìbò. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni díákónì, tíṣà, àwọn tó ń sọ pé òṣèlú dọ̀tí, tí ọwọ́ àwọn mọ́? Ólífì àti ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá sì dákẹ́, ìbò tí wọ́n rà a máa wúwo sí i.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Kí wọ́n yí ojú àgọ́ ìtẹ̀ka sí ibi tí aṣojú ẹgbẹ́ kò ti ní rí nǹkan kan, kí òfin tó ní kí a má mú fóònù wọ ibẹ̀ sì máa múlẹ̀. Bí olùrà kò bá lè mọ ẹni tí a dìbò fún, owó rẹ̀ yóò máa dùn ún. Ní ọdún 2022, àjọ EFCC mú àwọn kan ní Adó-Èkìtì lórí ọ̀rọ̀ ríra ìbò. Ìdájọ́ tó yára ló lè ba ẹlòmíràn lẹ́rù.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni káńsù. Ní 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Ọ̀sì, Mọ̀bà àti Iléjeméje ni ọ̀rọ̀ náà kàn níhìn-ín. Ọ̀tọ̀ ni kí owó dé káńsù, ọ̀tọ̀ ni kí ará ìlú mọ iye tó dé. Kí ni ó ṣòro nínú kí alága lẹ iye owó oṣù kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri káńsù, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ṣe? Opó tó bá rí i pé wọ́n fi owó ìlú tún afárá oko rẹ̀ ṣe, kò ní ta ìbò rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ní 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, ọba aládé méjì lọ́jọ́ kan, ní agbègbè wa yìí. Nígbà tí ọba kò lè rin ọ̀nà láìfòyà, ẹ̀rù ń ba àgbẹ̀ náà láti lọ sóko. Ọdún mẹ́ta ni Ábímélékì fi jọba. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ṣékémù tó fi owó gbé e gorí oyè, ó pa àwọn ará ibẹ̀, ó sì fọ́n iyọ̀ sórí ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin olórí ìjọ, a máa ń kó iṣu àti àgbàdo jọ nígbà ìkórè. Kí ló dé tí a kò fi lè pa díẹ̀ mọ́ de ọ̀sẹ̀ ìdìbò? Kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó àti opó ní ọjọ́ Ẹtì, láìdárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, kí ilẹ̀ Sátidé má ṣe mọ́ bá wọn pẹ̀lú ebi.