Ẹ Má Fi Owó Ọjà Ìyá Ọmọ Ṣe Súná

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí a ti ń jáde ní mọ́sálásí, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Alàájì, ìyàwó mi ti tún lóyún. Ó ti pé oṣù méjì, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wa kò tíì pé ọdún méjì. A kò retí rẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó lè yá mi ní owó súná?"

Mo wò ó títí. Kò bèèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ yóò bímọ sí. Kò bèèrè ohun tí aboyún náà yóò máa jẹ. Owó ẹran àti owó àtíbàbà ni ó gbà á lọ́kàn nígbà tí ó ku oṣù méje kí ọmọ dé. Ṣùgbọ́n n kò lè bá a wí, nítorí pé ohun tí ó fẹ́ ṣe yìí, èmi náà ti ṣe é rí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọmọ mẹ́ta ni a ti bí nígbà náà, èyí àbíkẹ́yìn sì ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá wọn ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó sọ fún mi pé òun tún ti lóyún, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ìwọ ni kò ṣọ́ra." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, bí ẹni pé obìnrin a máa dá nìkan lóyún! Gbogbo oṣù tí ó tẹ̀ lé e, n kò fi kọ́bọ̀ kan pamọ́. Nígbà tí ọmọ dé, ojú ń tì mí kí ayé má baà mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣófo. Mo bá gba owó àjọ ìyàwó mi, èyí tí ó fẹ́ fi ra ọjà Iléyá. Mo fi ra màlúù, mo fi gba àtíbàbà. Àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n yìn mí.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ìyá ọmọ padà sí ìsọ̀ rẹ̀, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀ tí yóò tà. Bí ọdún kan ni ó fi ń gba ọjà olọ́jà tà kiri. Nítorí ìyẹn, ó tètè fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá mi, a sì ń ra mílíìkì inú agolo. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jẹ màlúù náà, kò sí ẹnì kan tí ó ra agolo kan fún wa.

Ẹ̀yin ará, kí ni ìsìn wa wí? Nínú Suratul Bakara, ẹsẹ 233, Ọlọ́hun gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá tí ń fún ọmọ lọ́yàn lé bàbá ọmọ lórí, Ó sì là á yé wa pé a kì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹni lọ rù ú. Èyí ni ọ̀ranyàn. Akíkà, ẹran tí a ń pa fún ọmọ tuntun, Sunna ni. Ní ọ̀nà Imam Maliki tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹran kan tó fún ọmọ kan, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Nínú hadiisi kan tí Abu Dawud kọ sílẹ̀, àgbò kọ̀ọ̀kan ni Ànábì wa pa fún Hasan àti Husain, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a kò dẹ́ṣẹ̀. Ta ni ó wá fi àtíbàbà àti aṣọ ẹbí ṣe dandan fún wa? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Suratu Nisai, ẹsẹ 32, fi hàn pé ohun tí obìnrin bá fi iṣẹ́ rẹ̀ rí, tirẹ̀ ni. Bí ó bá fi inú dídùn ta ọkọ lọ́rẹ, ó dára. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi ojú líle gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ má pè é ní ọrẹ.

Èmi yóò sọ ohun tí mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kí òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n ṣírò ohun tí ó ń wọlé àti ohun tí ó ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ẹnì kejì lẹ́bi. Kí aboyún tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ìpínlẹ̀ wọn bá ní ètò adójútòfò ìlera, bí irú Ilera Eko tí ó wà ní Èkó, kí wọ́n wọ inú rẹ̀ ní kíákíá, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ìrọbí bá dé.

Lẹ́yìn náà, kí ó dá àjọ ọmọ. Bí ó bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún oṣù méje, ₦210,000 ni. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, yóò sì ku ₦203,000. Owó ìgbẹ̀bí ni kí ó kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà owó oúnjẹ ìyá ọmọ fún ogójì ọjọ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni ti súná. Bí kò bá sì ṣẹ́kù, kí Áàfáà sọ ọmọ lórúkọ, kí a ṣe àdúà, kí olúkúlùkù máa lọ ilé rẹ̀.

Aṣọ ẹ̀gbọ́n kò lè ṣàì ba àbúrò mu. Ọyàn ìyá nìkan, láìsí omi, tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà, a kì í sì í san owó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kí wọ́n sì wá ọmọ ìyá kan tí yóò bá obìnrin náà jókòó ti ìsọ̀, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má baà tú ká.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ Àsàlátù pẹ̀lú. Ọṣẹ àti ìlédìí wúlò fún ìyá ọmọ ju abọ́ ọ̀rà tí ẹ ń kó lọ síbi súná. Ẹ̀yin Áàfáà, ẹ má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo ilé tí kò pa màlúù.

Nígbà tí ara ìyá ọmọ bá mókun, kí tọkọtaya jọ jíròrò lórí ìfètò sọ́mọ bíbí. Èyí kò ṣàjèjì sí ìsìn wa. Imam Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, gbà pé ọkọ lè yẹra fún dídá oyún sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ìnira àtijẹ-àtimu. Ṣùgbọ́n oyún tí ó ti wà nínú, àlejò Ọlọ́hun ni.

Ọmọ tí mo pe ìyá rẹ̀ ní aláìṣọ́ra yẹn ni ó ń mú ọwọ́ mi lọ sí mọ́sálásí lónìí. Màlúù tí mo pa kọ́ ni ó wò ó dàgbà, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni. Kí Ọlọ́hun Allah sọ aboyún wa kalẹ̀ ní àyọ̀, kí Ó sì fún àwa ọkọ ní ọgbọ́n. Àmín.