Ẹ Má Fọ Owó Àtijọ́ Yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé ike owó tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá bá mi: kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Gbogbo rẹ̀ ń dán yanran. Ó ní òun fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí àwọn òyìnbó tó ń yẹ owó wò lè fún un ní máàkì gidi. Háà! Ọmọ yìí ti ba nǹkan jẹ́.

Ní PCGS àti NGC ní Amẹ́ríkà, máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 70. Owó tí wọn kò tíì ná rí ló ń gba 60 sókè. Dídán tí wọ́n ń wá ni èyí tó bá owó wá láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, kì í ṣe dídán eérú. Bí wọ́n bá rí ojú ibi tí wọ́n ti ha á, wọn kì í sábà fún un ní nọ́ńbà. Wọn á kọ ọ́ sára ike tí wọ́n dì í mọ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Iye rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn.

Dọ́là sì ni owó iṣẹ́ wọn. Ṣílè 1913 sí 1919, fàdákà ni. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ onihò tó kún ilé gbogbo wa ńkọ́? Lérò tèmi, owó iṣẹ́ á ju iye ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Sísì méjì péré lọmọ náà kò tíì fọ̀. Mo ní kó fi bébà wé wọn.