Ọ̀gá ní kò tíì tó, ọmọ iṣẹ́ tún padà sídìí aago

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ṣùgbọ́n bí ìgbín bá gun igi títí, tí ó rò pé òun ti dé òkè, tí ẹnìkan wá sọ fún un pé ìdí igi ló ṣì wà, ǹjẹ́ yóò tún lè fà lọ? Ohun tó dojú kọ Roger Smith gan-an nìyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní ọdún 1970 ní Bolton, nítòsí Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ aago ní Manchester. Ibẹ̀ ló wà tí George Daniels fi wá bá wọn sọ̀rọ̀. Daniels kì í ṣe ẹni kékeré. Nínú iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹnìkan ní ń ṣe ojú aago, tí ẹlòmíràn ń ṣe kẹ̀kẹ́ eléyín inú rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń ṣe ilé rẹ̀, òun nìkan ló ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Smith kò ti sí níbòmíràn mọ́. Ó bẹ Daniels pé kí ó gba òun ní ọmọ iṣẹ́. Daniels kọ̀. Ó ní kí ó lọ fi ìwé tí òun kọ jáde ní ọdún 1981 kọ́ ara rẹ̀. Ni ọmọkùnrin náà bá lọ jókòó sílé, ó ṣí ìwé síwájú, ó dá aago àpò kan lé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ṣeréṣeré. Bí a bá wé sípíríǹgì aago tán, ńṣe ló ń fẹ́ tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà kékeré kan ló ń dá a dúró, tí ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdádúró àti ìtúsílẹ̀ yẹn náà ni etí ń gbọ́ tó ń dún kí-kí-kí. Ẹni tó bá fẹ́ dá a ṣe yóò gé idẹ, yóò gbẹ́ eyín kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi iná sun irin kí ó lè le, yóò sì dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Bí eyín kan bá fi díẹ̀ bíńtín yàtọ̀ sí èkejì, aago náà lè má rìn déédéé mọ́.

Ó gbà á ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Smith gbé aago náà lọ sí erékùṣù Isle of Man, níbi tí Daniels ń gbé. Àgbà ọ̀jẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó hàn lójú pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò rò pé oríyìn ni. Kì í ṣe oríyìn rárá. Ohun tí Daniels ń wí ni pé aago tó dára kò gbọdọ̀ fi làálàá ẹni tó ṣe é hàn. Ó yẹ kí ó dà bí ohun tí wọ́n dá bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó lọ ṣe òmíràn.

Ẹlòmíràn ìbá bínú kó irinṣẹ́ dànù. Smith padà sílé, ó tún fi kún ìnira ara rẹ̀: ó ní aago kejì yóò mọ oṣù tó ní 30 ọjọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ní 31, yóò sì mọ ọdún tí oṣù kejì ní 29. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ iṣẹ́ sí i ni àwọn ẹ̀yà tí ó kọ́kọ́ ṣe ń tì í lójú. Ó ń yọ wọ́n kúrò, ó ń tún wọn ṣe. Ọdún márùn-ún gbáko ló kọjá.

Ní ọdún 1997, ó tún kan ilẹ̀kùn Daniels. Bàbá náà ń tọ́ka sí inú aago: ta ló ṣe èyí? Smith ní òun ni. Ta ló ṣe ìyẹn ńkọ́? Òun náà ni. Nígbà tí ìbéèrè tán, Daniels kí i kú oríire, ó ní ó ti di oníṣẹ́ aago. Nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gba òmìnira, wọ́n ń pe ẹbí, wọ́n ń se ìrẹsì, wọ́n ń gbàdúrà. Gbólóhùn kan péré ni òmìnira ti Smith.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Daniels pè é wá bá òun ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2001, Smith dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù yẹn kan náà. Daniels di olóògbé ní ọdún 2011. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n ta aago kejì náà ní gbàǹjo ní New York, iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là.

Owó kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ká ní Daniels ti fi àánú ṣe é, tí ó ní "ó ti dára bẹ́ẹ̀" lọ́jọ́ kìíní, aago kejì kì bá tí wáyé. Ọ̀gá tó ń yin iṣẹ́ tí kò tíì pé ń fi ìyìn ba ọmọlọ́mọ jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó sì ń kánjú gba òmìnira, kí ó rántí pé ọdún márùn-ún tí Smith tún fi jókòó kò pa á. Òun ló sọ ọ́ di ọ̀gá.