Ìwé Kíkà ní Zongo: Inú Rere Nìkan Kò Tó

Kò sí ẹni tí yóò bá olùyọ̀ǹda-ara-ẹni wí nítorí pé ó jókòó ti ọmọdé ní ilé-ìwé, tí ó ń bá a ka ìwé láìgba owó. Iṣẹ́ ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi í kí a tó pàtẹ́wọ́ fún un: èdè wo ni ó wà nínú ìwé tí àwọn méjèèjì jọ ń kà? Ní àdúgbò Zongo ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo ètò ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń fi èdè tí ọmọ ọdún méje kò gbọ́ kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ajẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọnmi, bí ó ti wù kí inú rẹ̀ mọ́ tó.

Orúkọ àdúgbò náà ti sọ ìtàn rẹ̀. Hausa ni wọ́n ti yá a: ‘zango’ ni ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Bí Sábó ti jẹ́ ibùdó àwọn Hausa ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni Zongo jẹ́ ibùdó àlejò ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Hausa àti Zarma ni èdè ọjà, èdè agbo-ilé àti èdè eré òṣùpá ní Niamey. Síbẹ̀, Faransé ni ó ń dúró de ọ̀pọ̀ ọmọ lójú pátákó ní ọjọ́ kìíní ilé-ìwé.

Àbájáde rẹ̀ kò fara sin. Nínú ìdánwò PASEC ti 2014, tí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá kópa nínú rẹ̀, àwọn ọmọ Nìjẹ̀r tí wọ́n ń parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kàwé dé ìwọ̀n tí ó yẹ kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Burundi ni ó ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò èdè ti kíláàsì kejì. Kirundi, èdè abínibí, ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi dán wọn wò. Owó kọ́ ni Burundi fi ta wọ́n yọ, nítorí ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù lọ ní àgbáyé.

Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò rí ìyanu kankan nínú èyí. Ìwé kíkà ni síso lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró tí ó ti wà ní etí ọmọ tẹ́lẹ̀. Nínú àkọtọ́ Hausa àti ti Zarma, lẹ́tà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dúró fún ìró kan. Òótọ́ ni pé àkọtọ́ Hausa kì í fi àmì ohùn hàn, ṣùgbọ́n etí ọmọ tí ó gbọ́ èdè náà yóò dí àlàfo yẹn fúnra rẹ̀. Nínú Faransé, ìró kan ṣoṣo ni a lè kọ ní ‘o’, ‘au’ tàbí ‘eau’. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí kò ní ohun tí yóò fi yẹ ara rẹ̀ wò. Yóò pè é, kò ní yé e.

Àwọn kan yóò ní èdè tó wà ní Burundi kò pọ̀ bí ti Zongo. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n níhìn-ín gan-an ni olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti wúlò ju ẹnikẹ́ni lọ. Olùkọ́ kan tí ó ní àádọ́ta ọmọ níwájú kò lè pín ara rẹ̀ sí èdè méjì. Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni márùn-ún lè pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀wọ́: Hausa níhìn-ín, Zarma lọ́hùn-ún. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí á wò kí á tó yan ìwé fún un.

Àwọn mìíràn yóò ní Faransé ni èdè oúnjẹ. Ta ni ó ní kí wọ́n má kọ́ ọ? Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi olùyọ̀ǹda-ara-ẹni rọ́pò olùkọ́. Ní 1998, Nìjẹ̀r bẹ̀rẹ̀ sí gba olùkọ́ olówó táṣẹ́rẹ́, ó sì pè wọ́n ní olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ètò ẹ̀kọ́. Ìjẹgàba ni láti fi orúkọ iṣẹ́ àánú bo àìsanwó-iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí agbára ìyọ̀ǹda-ara-ẹni mọ hàn ní Jaunpur ní Íńdíà ní 2005, nígbà tí ẹgbẹ́ Pratham kọ́ àwọn ará abúlé láti máa kọ́ ọmọ ní kíka Hindi lẹ́yìn ilé-ìwé. Àwọn tí kò lè ka ohunkóhun tẹ́lẹ̀ tẹ̀síwájú gidigidi, ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lọ. Nítorí náà, inú ilé-ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ tí a san owó rẹ̀ pé, ni ipò olùyọ̀ǹda-ara-ẹni.

Kì í ṣe pé Nìjẹ̀r kò mọ ọ̀nà. Láti 1973 ni ilé-ìwé àdánwò ti ń fi Hausa kọ́ni ní Zinder. Ní oṣù kẹta 2025, Hausa di èdè orílẹ̀-èdè, Faransé sì di èdè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í ka ìwé fún ọmọ. Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí ní 2022, ó sì fagi lé e ní 2025. Ohun tí kò ní tètè ṣeé fagi lé ni ìwé tí ó ti wà lọ́wọ́ ọmọ àti àgbàlagbà tí ó mọ bí a ti ń bá a kà á. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ti ń jiyàn lórí bóyá ‘ƴ’ ti Nìjẹ̀r tàbí ‘'y’ ti Nàìjíríà ni ó dára jù nínú àkọtọ́ Hausa jẹ ọmọ Zongo ní gbèsè ìwé ìtàn olójú-ewé mẹ́rìndínlógún, tí ó lè kà fún ìyá rẹ̀ nílé, tí yóò sì yé ìyá náà.