Gbogbo kókó inú ọmú kọ́ ni jẹjẹrẹ

Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹwàá bá ti dé, a máa ń gbọ́ Octobre Rose lórí rédíò láti Kútọnu. Ó dáa. Àmọ́ Faransé ni wọ́n fi ń sọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ohun tí àwọn ìyá wa lọ́jà Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sì ń mú relé kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: jẹjẹrẹ. Obìnrin tó bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú á wá dákẹ́, kò ní sọ fún ọkọ, kò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n, torí ó ti gbà pé ikú ló dé. Lójú tiwa, ìdákẹ́ yìí ló léwu jù.

Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin máa ń ní èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fibroadénome: ó rí róbótó, ó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka bí ọmọ ayò. Omi lásán ló wà nínú òmíràn. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà lè ní oówo níbẹ̀, á gbóná, á máa ro ó. Ìyẹn ní oògùn tiẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni ká máa wí pé, "Kò dùn mí, kò sí nǹkan." Ó mà ṣe o! Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Kókó tó le, tí etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, awọ ọmú tó dà bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó ń wọnú, ẹ̀jẹ̀ tó ń tibẹ̀ jáde, kókó lábẹ́ abíyá: ẹ má fi ọ̀kankan falẹ̀.

Ọwọ́ nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọwọ́ dókítà pàápàá. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀, tó bá yẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ yẹn ló ń tú jẹjẹrẹ ká. Kò rí bẹ́ẹ̀.

OMS ní láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, kó má ju 60 ọjọ́ lọ kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́. Lábúlé ńkọ́? Owó ọkọ̀, owó àwòrán, àgbo tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ mu, "kí bàbá àwọn ọmọ fọwọ́ sí i ná": 60 ọjọ́ ti lọ kó tó gbéra. Lọ́dún 2022, jẹjẹrẹ ọmú pa bíi èèyàn 670.000 láyé. Ẹ̀yin bàbá, ọkùnrin náà ń ní in, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin ìyá, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn àdúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, òun ló máa júwe ibi tí ẹ ó lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ fọwọ́ wo ara yín, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù ni ọmú máa ń rọ̀ jù.